Ọjọ́ Tí Ayé Fẹ́ Kúnlẹ̀ Kí Oòrùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹn-ẹ́n, ó ku díẹ̀ kí n ká aṣọ mi kí n wọlé. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí bírí, kò bà lé orí àjàpá, kò bà lé orí ẹkùn, ó lọ bà lé orí Ayé, ọmọ kẹta tí Oòrùn bí.

Ìbídùn, kúrò lẹ́yìn Ọdẹ́wálé. Jáde síbí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò omi. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, mo gbọ́ orúkọ àgbà tí o ń kúnlẹ̀ kí tó fi fọ́, mo sì rí i pé láti ọ̀sán lo ti ń yọjú wo ọ̀nà oko bóyá ìyá rẹ ń bọ̀. Jókòó tì mí. Bí ìyá rẹ bá dé, èmi ni màá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹkún tí o ti sun tó. Àlọ́ yìí, tìẹ ni. Àwọn tó kù kàn ń bá ọ gbọ́ ni.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí kò sí igi, tí kò sí ẹyẹ, tí òkùnkùn bo gbogbo nǹkan biribiri, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Oòrùn. Iná ni obìnrin yìí látòkè délẹ̀. Irun orí rẹ̀, iná. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, iná. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an, iná. Ó sì tóbi! Bí ẹ bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ jọ, tí ẹ dì wọ́n ní ẹrù kan ṣoṣo, wọn ò ní ju ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ló bí.

"Mẹ́jọ, Màmá?"

Mẹ́jọ gbáko. Àkọ́bí ń jẹ́ Asúrétete. Òun ló sún mọ́ ìyá jù. Kóńkó báyìí ni, ṣùgbọ́n eré ló mọ̀ ọ́n sá: kí àgbàdo tí ẹ gbìn lónìí tó gbó, ó ti yí ìyá rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni Àgùàlà, arẹwà. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ń tàn yanran lójú ọ̀run bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, tí àwọn èèyàn ń pè ní ajá òṣùpá. Kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìwà rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀kẹta ni Ayé. Olósùn tẹ̀ lé e, tó pupa bí ẹni fi osùn para. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ńláńlá: Arabaríbí tó tóbi ju gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, àti Onílẹ̀kẹ̀ tó fi ìlẹ̀kẹ̀ yí ìdí ká, tó ń fi ṣe fújà. Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀ wà níwájú wọn lọ́hùn-ún, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń yí gbirigbiri lọ. Àbíkẹ́yìn ni Ọlọ́yẹ́, ó wà lọ́nà jíjìn réré níbi tí òtútù ti ń mú un, tí atẹ́gùn ń gbá a kiri. Kí Ọlọ́yẹ́ tó yí ìyá rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó gbéra á ti darúgbó, á ti kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà á ti hewú.

Ìyá yìí fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìfẹ́ rẹ̀ lágbára, ó ń fà wọ́n. Ọmọ tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìfẹ́ ìyá á fà á, á fà á, títí á fi já sí i láyà, àyà náà sì rèé, iná ni. Ẹ rò ó wò: abiyamọ tó bí mẹ́jọ, tí kò pọn ẹyọ kan rí. Bí mo bá rántí rẹ̀, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bí wọn ló ti la ọ̀nà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yí ara rẹ̀ ká, ó sì sọ fún wọn pé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa rìn. Ẹ má dúró. Ẹni tó bá dúró, màá fà á mọ́ra, màá sì jó o, mi ò ní mọ bí mo ṣe lè ṣe é kí n má jó o. Ẹni tó bá sì sá eré àsápajúdé, á já mọ́ mi lọ́wọ́, á sọnù sínú òkùnkùn. Bí mo ṣe wọn ìrìn fún kálukú ni kó máa rìn ín."

Kí wọ́n má baà gbàgbé, ó fi ṣe orin. Ẹ ó bá mi gbè é. "Yíká, má dúró" ni ègbè yín.

Lílé: Ọmọ Oòrùn, gbẹ́sẹ̀
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Ọ̀nà rẹ rèé, tẹ̀ ẹ́
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Bí o bá dúró, iná
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Bí o bá já, òkùnkùn
Ègbè: Yíká, má dúró, ọmọ Oòrùn, yíká

Ó dáa. Ọdẹ́wálé nìkan ló ń gbè é bí ẹni ń sùn. Wàá jí láìpẹ́.

Nínú àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ayé nìkan ló ru igbá omi. Igbá ńlá ni, omi sì kún un dé ẹnu. Ìyá ló gbé e rù ú, ó ní, "Èyí ò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ." Ayé tún ní ọmọ kan, Òṣùpá, ọmọ kékeré tó ń sá yí i ká bí òun náà ṣe ń yí ìyá tirẹ̀ ká. Igbá lórí, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́: Ayé kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan. Bó ṣe ń rìn ló ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé kò ní dà? Ṣé kò ní gbẹ? Bó bá dì ńkọ́?" Bó sì ti ń rìn náà ló ń yí ara rẹ̀ bírí-bírí, bí ẹni ń yáná lásìkò ọyẹ́: bí iwájú bá gbóná, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí ìyá, ojúmọ́ ti mọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́yìn, alẹ́ ti lẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, ṣé oòrùn kì í lọ sùn ni?"

Oòrùn wo ló ń sùn? Abiyamọ tó ní ọmọ mẹ́jọ lójú ọ̀nà, oorun wo ló máa kùn ún? Ìwọ lo kẹ̀yìn sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Àgùàlà. Wọ́n ní òun náà ní igbá omi rí. Ó ní ó wúwo, ó ń ba irun òun jẹ́, ló bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́bàá iná, omi gbẹ fúú. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ò ti kúrò lára igbá Ayé. Ọ̀nà tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti Ayé, ó sì kúrú jù ú lọ, nítorí náà lóòrèkóòrè ló máa ń lé Ayé bá, wọ́n á jọ rìn díẹ̀, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, á sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ kan ó lé e bá.

"Ayé, àbúrò mi, o kú ẹrù o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o."

"Kí ni Màmá wí nígbà tí o kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ yìí?"

Ayé wò ó. "Kúnlẹ̀? Ẹrù ń bẹ lórí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu ni mo fi ń kí wọn."

Àgùàlà pàtẹ́wọ́, pá! "Ẹnu! Ìyá tó bí ọ lọ́mọ, ẹnu lo fi ń kí i? O ń kọjá níwájú rẹ̀ gìrìgìrì bí ẹṣin, o ò tẹ orúnkún ba? Hẹ̀n-ẹn. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Máa bá ìrìn rẹ lọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbin ọ̀rọ̀ sọ́kàn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ lè bú ọmọ pé ó búrẹ́wà, á rẹ́rìn-ín; ẹ lè bú u pé ó ya ọ̀lẹ, á bá yín jà. Àmọ́ ẹ wí fún un pé kò mọ àgbà kí, pé wọn ò kọ́ ọ nílé, ẹ ti rí i pé oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Ayé. Gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ìyá rẹ̀ bà lé e lójú ló ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ojú tí wọ́n fi wò mí lánàá nìyí? Ṣé kò korò ju tẹ́lẹ̀ lọ?"

Lẹ́ẹ̀kejì tí Àgùàlà lé e bá, orí ló ń mì bọ̀.

"Ayé, ṣé o ti wo ojú Màmá láìpẹ́ yìí?"

"Kí ló ṣe é?" Ayé béèrè kíá.

"O ò rí àmì dúdú tó wà níbẹ̀? Ọ̀kan wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún."

Lóòótọ́ ni. Ojú Oòrùn máa ń ní àmì dúdú nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tìtorí ẹ̀ tẹjú mọ́ oòrùn lọ́la o! Ojú yín á fọ́, àwọn ìyá yín á sì ní èmi ni. Ẹ gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n fajú ro ni," Àgùàlà ní. "Ta ni wọ́n ń bínú sí? Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ wo Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀ lọ́hùn-ún. Wo bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dìde. Ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ nìyẹn."

Ayé wò. Lóòótọ́, Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí Ayé kò kíyè sí ni pé bó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ náà ló ń yí lọ lójú ọ̀nà rẹ̀, kò dúró rí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ìdajì nǹkan ló máa ń rí.

Òṣùpá di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. "Màmá mi, kí ló ń ṣe yín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè yín, ẹ ò dáhùn."

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ń bà yín."

"Mo rò pé mo ti ṣẹ Màmá àgbà."

"Ẹ ò ṣe bi wọ́n léèrè?"

Ayé mí kanlẹ̀. "Ta ló ń bọ́ síwájú àgbà tó ń bi í pé, ṣé mo ti ṣẹ̀ yín? Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì burú, ìyẹn ló máa bà á jẹ́."

Ẹ rí i? Ọmọdé sọ òótọ́, àgbà ní rárá. Ìyá náà rèé níwájú rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó bi í. Ó ń rìn, ó ń ronú, ó ń sunkún sínú igbá omi. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí omi òkun fi níyọ̀, àmọ́ èmi ò lè búra sí ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Àgùàlà dé, Ayé ló kọ́kọ́ ké.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí! Kí ni kí n ṣe?"

"Ohun tí ọmọ gidi ń ṣe. Kúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Màmá ní ká má dúró."

"Ìgbà tí a wà lọ́mọdé nìyẹn. Ìwọ náà ti di abiyamọ. Abiyamọ wo ló máa bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó máa jó o níná?"

"Igbá mi ńkọ́? Ẹlẹ́rù kì í kúnlẹ̀."

Àgùàlà rẹ́rìn-ín múṣẹ́. "Gbé e wá, kí n bá ọ dì í mú."

Ayé fi ọwọ́ méjèèjì gbá igbá mú. Ohun kan nínú rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí mi."

"Kò burú. Kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó o rọra. Èmi á wà nísàlẹ̀ rẹ pẹ̀lú igbá tèmi. Bí omi díẹ̀ bá dà, màá bá ọ gbà á."

Igbá òfìfo ti wà lábẹ́ apá rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ayé kò bi ara rẹ̀ pé kí lẹni tó kàn ń kọjá lọ fẹ́ fi igbá òfìfo ṣe. Ìrònú ti tán án lókun.

Bí Ayé ṣe bọ́ síwájú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó dín ìrìn kù. Ó tẹ orí ba, ó tẹ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún ọ̀tún wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí igbá má baà yẹ̀.

"Màmá mi, ẹ kú…"

Kò parí ẹ̀. Wọ̀ọ́ọ̀! Ìfẹ́ ìyá ti gbá a mú.

Ó ń já bọ̀. Kò sí ilẹ̀, kò sí ọ̀nà, iná nìkan ló ń tóbi sí i níwájú rẹ̀. Igbá yẹ̀ lórí rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó hó yàà, ó hó kutukutu, ooru bo ojú ọ̀run. Òṣùpá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ké, "Màmá mi, ara ń ta mí! Màmá mi, ibo là ń lọ?" Ayé kẹ̀yìn sí iná, ó fẹ́ sá padà. Ó fi gbogbo agbára sá. Bó ti ń sá tó náà ni ìfẹ́ ìyá ń fà á tó, iná ò sì yéé sún mọ́ ọn.

Oòrùn rí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù ba Oòrùn lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà jáde láti gbá ọmọ mú kó tó rántí pé iná ni ọwọ́ òun. Ó kó o padà wéré. Ohùn nìkan ló kù tó lè fi gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ayé! Ayé Àjọkẹ́! Dìde!"

"Màmá mi, ẹ gbà mí!"

"Mi ò lè gbà ọ́! Bí mo bá fọwọ́ kàn ọ́, o ti tán. Gbọ́ mi. Má sá fún mi. Má sì wò mí lójú. Fi ẹ̀gbẹ́ sí mi, kó o kọjú sí ibi tí o ń rìn lọ tẹ́lẹ̀, kó o máa rìn. Ìrìn rẹ ló máa gbà ọ́!"

"Ẹsẹ̀ mi ò gbéra mọ́, Màmá!"

"Àwọn ọmọ ìyá rẹ á bá ọ gbé e."

Ló bá dá orin. Ẹ gbè é kíkan, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí Ayé jóná!

Lílé: Ayé Àjọkẹ́, gbẹ́sẹ̀
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Igbá ń bẹ lórí rẹ
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Ọmọ ń bẹ lára rẹ
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Má wò mí, má sá fún mi
Ègbè: Yíká, má dúró
Lílé: Ọ̀nà rẹ ń pè ọ́ bọ̀
Ègbè: Yíká, má dúró, Ayé Àjọkẹ́, yíká

Ayé gbé ẹsẹ̀ kan. Tẹ̀. Ó gbé èkejì. Tẹ̀. Asúrétete ń sáré kọjá nítòsí iná, òun ló kọ́kọ́ gba ègbè. Olósùn gbà á láti òkè. Ohùn Arabaríbí ń dún bí àrá, Onílẹ̀kẹ̀ ń mi ìdí, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń dún wọnran-wọnran, Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ń gbè é lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ Ayé yá sí i. Ó yá sí i. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sí i. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, ojú ọ̀nà rẹ̀ rèé, ó ku ẹsẹ̀ kan péré.

Okun tán.

Orúnkún rẹ̀ tún yẹ̀. Àwọn tó ń gbe orin ti ké títí, ohùn wọn ti há, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ayé sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ó parí. Mo ti pa ọmọ mi." Ó dijú.

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti dé. Ó tín-ín-rín, ó tutù, ó wá láti ọ̀nà jíjìn réré. Ọlọ́yẹ́ ni. Ibi tó wà jìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ègbè tó ti gbè láti ìbẹ̀rẹ̀ orin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ rọra gbè é fún mi, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó wà lókèèrè:

Ègbè: Yíká, má dúró…

Ayé lajú. "Àbíkẹ́yìn ilé wa, tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí, òun náà ń pè mí?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé e padà sójú ọ̀nà rẹ̀, gbìì!

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdẹ́wálé, mo ṣe bí o sùn ni?

Àgùàlà ńkọ́? Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ló wà, tó na igbá òfìfo sókè, tó ń retí omi tútù. Omi tútù kọ́ ló gbà. Ooru tó hó kúrò lórí Ayé ló dà lé e, wùùù, ó bò ó lórí, ó bò ó lójú, ó wé mọ́ ọn lára bí aṣọ òtútù tí wọ́n dà bo ẹni tí ibà ń ṣe. Ó fẹ́ ké, ó rí i pé gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń wo òun àti igbá ọwọ́ òun. Ìtìjú mú un, ó yí ẹ̀yìn padà. Títí dòní, bí àwọn tó kù bá ń yí ara wọn sí ọ̀tún, Àgùàlà ń yí tirẹ̀ sí òsì, jẹ́jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Aṣọ ooru náà ò sì kúrò lára rẹ̀. Lókèèrè, ó ń dán. Nínú rẹ̀, ó ń jó.

Ayé wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ń rìn. Omi tó kù nínú igbá ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Kò lè gbójú sókè.

"Màmá mi, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ kí yín ni. Mo ti ń kọjá níwájú yín láti ọjọ́ yìí láìkúnlẹ̀, àmì dúdú sì ti yọ lójú yín."

Oòrùn rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dá a lóhùn.

"Àmì dúdú máa ń wá, ó máa ń lọ. Abiyamọ wo ni ojú rẹ̀ ń mọ́ kedere lójoojúmọ́? Ayé, ta ló sọ fún ọ pé o ò tíì kí mi?"

Ayé fọwọ́ gbá igbá rẹ̀ mú, ó ń rìn lọ.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wò, tí mo rí ọ lójú ọ̀nà rẹ, tí igbá wà lórí rẹ, tí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ti kí mi nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ọ lójú láràárọ̀, kí lo rò pé ó jẹ́? Èmi ni mò ń dá ọ lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ayé lára. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó ń sunkún, ó ń rìn. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ara òun ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe tẹ̀ nígbà tó fẹ́ kúnlẹ̀. Ó fẹ́ nà án.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti gbà á. Máa tẹ̀ríba bẹ́ẹ̀, kó o máa rìn."

Ìdí nìyí tí Ayé kò fi nàró ṣánṣán títí dòní. Bó ṣe ń yí ìyá rẹ̀ ká ló ń tẹ̀ríba lọ, ìtẹ̀ríba náà ló sì ń yí ìgbà padà fún wa: òjò á dé, òjò á lọ, ọyẹ́ á wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn á mú.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi yí dé nìyí. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ayé, kí n jí lọ́la kí n bá òkùnkùn lẹ́nu ọ̀nà. Bí mi ò bá parọ́, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ á mọ́.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó rán an. Ó kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀ àgbà kan bá ń jẹ wá lọ́kàn, àgbà náà ni ká lọ bi, ká má gbọ́ ọ lẹ́nu alárèékérekè. Ó sì kọ́ àwọn Àgùàlà tó wà láàárín yín pé ẹni tó ń dẹ igbá sílẹ̀ de omi olómi, ooru ló máa gbà.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹsẹ̀ ta ni mò ń gbọ́ yìí?

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ń pàlọ́."

Ẹn, ìyàwó mi, káàbọ̀. O kú oko, o kú ẹrù. Ìbídùn, má sá wọlé. Wo ìyá rẹ dáadáa. Wo ìdì igi tó wà lórí rẹ̀. Èmi ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo jókòó síbí yìí. Ṣé ó kúnlẹ̀?

"Wọn ò kúnlẹ̀, Màmá."

Ṣé ó kí mi?

"Wọ́n kí yín."

"Màmá, kí ló dé? Kí lọmọ yìí ṣe?"

Ìkòkò kan ló fọ́. Ó rù ú, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún àgbà, kò sí ẹni tó ti sọ fún un pé ẹlẹ́rù kì í kúnlẹ̀. Mo ti wá sọ fún un. Má fọwọ́ kàn án. Ìbídùn, dìde, lọ bá ìyá rẹ sọ igi kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì wá kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Èmi kì í ṣe Oòrùn, mi ò ní jó yín.